Oníṣòwò àti Owó-orí Èrè

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí yé àwọn oníṣòwò Agége àti Ìkẹjà yékéyéké. Ẹni tí ó ń ta aṣọ tàbí irinṣẹ́ ọkọ̀ kì í fi gbogbo owó rẹ̀ sínú ọjà títà nìkan. Bí èrè bá wọlé, a ra ilẹ̀, a kọ́ ṣọ́ọ̀bù, a sì ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ọjọ́ alẹ́ má bàa le. Nítorí náà, bí ìjọba bá yí òfin owó-orí padà lórí irú ohun-ìní bẹ́ẹ̀, ọjọ́ alẹ́ oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ní 1972, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe òfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì kan ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe di alájọní ilé-iṣẹ́.

Oríṣi èrè méjì ni ó wà níhìn-ín. Èkíní ni èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ni í yọ ìdá 10 nínú 100 fún ìjọba kí ó tó san án. Ẹni tí ìbá gba ₦50,000 yóò gba ₦45,000. Èkejì ni èrè tí ènìyàn jẹ nígbà tí ó ta ohun-ìní rẹ̀ ju iye tí ó rà á lọ.

Ní 1967 ni òfin kọ́kọ́ gba owó-orí lórí èrè kejì yìí, ìdá 20 nínú 100. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ó di ìdá 10. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Nínú òfin yìí, a ó ro èrè náà pọ̀ mọ́ owó tí ó wọlé fún ènìyàn lọ́dún náà. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà 800 náírà àkọ́kọ́ kò ní owó-orí, mílíọ̀nù 2.2 tí ó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15; èyí tí ó tún tẹ̀ lé e ń san ìdá 18; bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí dé ìdá 25.

Ká sọ pé obìnrin kan ní Agége ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò sì sí owó mìíràn tí ó wọlé fún un. Bí èrè rẹ̀ bá jẹ́ ₦1,000,000, òfin àtijọ́ ìbá gba ₦100,000. Ti ìsinsìnyí yóò gba ₦30,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ₦5,000,000, ₦500,000 àtijọ́ yóò di ₦690,000. Ó fúyẹ́ fún ẹni kékeré, ó wúwo fún ẹni tí èrè rẹ̀ pọ̀.

Ti ìpín yàtọ̀. Bí iye tí ènìyàn ta ìpín rẹ̀ láàrin oṣù 12 kò bá tó mílíọ̀nù 150 náírà, tí èrè rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 10 lọ, kò ní san nǹkan kan. Kò yẹ kí ìbẹ̀rù mú oníṣòwò kékeré sáré ta ìpín rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ewu tí ó tóbi jù ni àìní àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ilẹ̀ láìgba ìwé-ẹ̀rí owó tí wọ́n san, wọ́n sì kọ́ ilé láìkọ iye sìmẹ́ǹtì àti owó bíríkìlà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á, kí ni wọn yóò fi hàn pé gbogbo owó náà kọ́ ni èrè? Ìwé pélébé tí a sọ nù lónìí lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lọ́la.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Oníṣòwò tí ó gbọ́n a máa bèèrè òfin lọ́dọọdún, a sì máa tọ́jú ìwé rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Oríṣi èrè méjì wo ni àyọkà yìí yà sọ́tọ̀?
2. Ta ni òfin 2026 fúyẹ́ fún? Ta ni ó wúwo fún? Fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀.
3. Èéṣe tí àkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ ta ohun-ìní?