Ariwo Àárọ̀ Nínú Jíìpù Onídísù: Ẹ Tú Sọ́ǹpù Wò Kó Tó Nọ́kì

Prado ọdún 2004 kan ni mo rà, tòkunbọ̀ tó gba Kútọnù wọlé, onídísù, 3.0 D-4D. Oko ni mò ń wà á lọ, mo sì máa ń fi fa tírélà kékeré nígbà kajú. Láti bí oṣù mélòó kan, tí mo bá ti sitáátì rẹ̀ láàárọ̀, á máa lù kọ-kọ-kọ. Tó bá gbóná tán, ariwo náà á rọlẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní bí ọkọ̀ onídísù ṣe ń ké nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, torí irú rẹ̀ tí àbúrò mi ń wà ti nọ́kì. Kí ni kí n ṣe?
Àgbẹ̀ oníkajú, Ṣakí

Ẹ kú oko o, bàbá. Ẹ bá mi kí mẹkáníìkì yín, ṣùgbọ́n ẹ má gba èyí tó sọ yẹn gbọ́. Lóòótọ́ ni onídísù ń ké ju onípẹtiróòlù lọ, àmọ́ ariwo tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ rà á, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwà àbínibí.

1KD-FTV ni Toyota ń pe ẹ́ńjìnnì yín. Òun náà ni wọ́n fi sínú Hilux 3.0. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì burúkú rárá. Ibi nọ́súlù tó ń fọ́n dísù ni àìlera rẹ̀ wà. Mẹ́rin ni wọ́n, abẹ́ ọmọrí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n jókòó sí, níbi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Wáṣà bàbà kékeré kan wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ́ kí iná inú sìlíńdà jò síta. Tí wáṣà yìí bá ti gbó, èéfín gbígbóná á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ nọ́súlù, á bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì á ki, nǹkan dúdú bí èédú tí wọ́n gún á máa dì nínú rẹ̀, á sì rọ̀ lọ sí sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Asẹ́ kékeré kan ń bẹ níbẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kí pọ́ọ̀mpù tó fà á lọ sókè. Asẹ́ yẹn ló máa ń dí.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyí. Ẹ ó fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ẹ ó rí i pé ọ́ìlì pé, ọkàn yín á balẹ̀. Ó pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ráyè gòkè. Tọ́bò àti bíárìn kíráńkì ni òùngbẹ ń pa. Lọ́jọ́ kan, níbi tí ẹ dúró sí tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́, iná pupa ọ́ìlì á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á kú. Ẹ ó ní wáyà ni. Nígbà tó bá fi máa tàn lẹ́ẹ̀kejì, ó ti nọ́kì.

Nítorí náà, kí wọ́n tú ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù. Kò gba pé kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Kí ẹ̀yin fúnra yín mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo asẹ́ náà. Tó bá ti dì, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n pààrọ̀ wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀kan ló bàjẹ́. Ẹ tún pààrọ̀ ọ́ìlì náà láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, torí ìdọ̀tí tó kù lókè á ṣì máa sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ da dísù tàbí kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnnì láti fi ṣan án. Ẹ kọ̀ fún wọn. Ohun tó bá ṣí kúrò lára irin lójijì, orí asẹ́ ló ń lọ.

Nígbà tí nọ́súlù bá ti jáde, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń dán nọ́súlù common rail, irú tiyín yìí, wò wà, ì báà jẹ́ Ìbàdàn. Dísù ń gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbára tó lè lé ní 1,300 bar. Èyí tó bá ń kán tótó dípò kó fọ́n, orí písítìn ló ń jó, písítìn á sì sán. Òun náà lè fa ariwo àárọ̀ yẹn. Ẹni tó fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á kì í ṣe ẹni tí ẹ ń wá.

Ní ti ọ́ìlì, kìlómítà 5,000 ti tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù: lẹ́yìn API, lẹ́tà C ni ti dísù, bíi CI-4. Èyí tó jẹ́ S nìkan, ti pẹtiróòlù ni.

Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá tẹmósítáàtì ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn àtiyọ ọ́ dà nù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ dá a padà. Ẹ́ńjìnnì onídísù tí kò gbóná tó yẹ kì í jó epo tán, èédú tí a ń sá fún ló ń pọ̀ sí i. Kúláǹtì ni kí ẹ sì máa rọ sí radiétọ̀, kì í ṣe omi inú ọ̀rá.

Táímíìnì bẹ́líìtì ńkọ́? Toyota fi kìlómítà 150,000 sí i ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ta ló mọ iye tí tòkunbọ̀ ti rìn? Wọ́n ń yí míítà padà. Tí ẹ ò bá ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí. Tó bá já, fáàfù á kọlu písítìn.

Eruku ọyẹ́ ní Òkè Ògùn kì í ṣeré, ẹ má jẹ́ kí fílítà afẹ́fẹ́ pẹ́. Ẹ máa ṣí omi ìdí fílítà dísù dà nù. Tí ẹ bá fa tírélà dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí tọ́bò lè tutù.

Ní báyìí ná, ẹ má fi ọkọ̀ yẹn fa kajú kankan títí wọn ó fi tú sọ́ǹpù. Tí iná pupa ọ́ìlì bá sì tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe ọkọ̀ tó máa fà á. Bó ti wù kí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sún mọ́ yín tó, ẹ má wà á débẹ̀.