Níbi tí odò Mono ti bọ́ sínú òkun

Ní ìsinmi Kérésì, ìdílé kan kúrò ní Kétu láti lọ wo òkun: bàbá, ìyá, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n gba Pọ́bẹ̀, Ìtàkété àti Àjàṣẹ́ kọjá, wọ́n dé Kútọnu, wọ́n sì gba Ouidah lọ sí Grand-Popo. Ọ̀nà náà jìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afinimọ̀nà ti ń dúró dè wọ́n létí omi. Èdè Hwla àti Mina ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé Àjàṣẹ́ rí.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ o!"

Ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ sí Bouche du Roy, ibi tí odò Mono ti pàdé òkun. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO ka agbègbè odò yìí, ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò pa pọ̀, mọ́ àwọn ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, igi kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè rí nínú igbó yín. Ẹ̀gbà ni, ìwé Faransé ń pè é ní palétuvier. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè nínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Orí igi ni èso rẹ̀ ti ń hù, á gùn bí kálámù, á já, á sì gún ẹrẹ̀ dúró. Láàárín gbòǹgbò náà ni ọmọ ẹja àti edé ń sá pamọ́ sí. Bí a bá gé ẹ̀gbà tán, àwọ̀n apẹja á ṣófo.

"Ta ló wá ń gé e?" ni Kẹ́hìndé bèèrè.

Afinimọ̀nà kò dáhùn. Ó nawọ́ sí èéfín kan lókèèrè.

Àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀ ni. Wọ́n máa ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọn á da omi sí i, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á sì se omi náà títí iyọ̀ á fi kù nínú ìkòkò. Iná yìí ń jẹ igi púpọ̀, ẹ̀gbà sì ń jó dáadáa.

Ìyá, tí òun náà ń tajà ní ọjà Kétu, ra iyọ̀. Ó bi àgbà obìnrin kan pé: "Ìyá, bí wọ́n bá ní kí ẹ má gé ẹ̀gbà mọ́, báwo lẹ ó ṣe ṣe é?"

Afinimọ̀nà túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ní: "Iyọ̀ yìí ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé. Apẹja sì ni ọkọ mi. Bí igi bá tán, ẹja á tán. Bí n kò bá se iyọ̀, kí la ó jẹ? Kí ẹni tó mọ èyí tí n ó mú wá sọ fún mi."

Ìbéèrè yẹn le. Kí olùkọ́ yín má ṣe yára dáhùn rẹ̀ fún yín.

Àwọn kan ti ń da omi iyọ̀ sórí aṣọ rọ́bà dúdú kí oòrùn gbẹ ẹ́, láìsí igi. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, iṣẹ́ náà dúró. Níbòmíràn, àwọn ará abúlé fi igbó ẹ̀gbà sábẹ́ ìṣọ́ Zàngbétò. Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í bá Zàngbétò ṣeré.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n lọ sí etíkun Grand-Popo. Ìjàpá òkun máa ń gun iyanrìn lóru, á gbẹ́ ihò, á yé bí ọgọ́rùn-ún ẹyin, á bò ó, á sì padà sínú omi. Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á pa. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wú ẹyin náà jẹ. Ní báyìí, àwọn kan ń kó o sínú ọgbà, wọ́n ń rì í sínú iyanrìn padà.

Lálẹ́ yẹn, àwọn ọmọ ìjàpá kan jáde. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lọ, torí òkun máa ń tàn lóru ju ilẹ̀ lọ. Táíwò tan tọ́ọ̀ṣì kí ó lè rí wọn dáadáa. Gbogbo wọn yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Pa á!" ni bàbá wí.

Táíwò pa á. Àwọn ọmọ ìjàpá dúró díẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì tún dojú kọ òkun.

Ìbéèrè
1. Kí ni gbòǹgbò ẹ̀gbà ń ṣe fún ẹja?
2. Kí ló dé tí àwọn ọmọ ìjàpá fi yí sọ́dọ̀ Táíwò?
3. Bí ìwọ bá jẹ́ obìnrin oníyọ̀ náà, kí ni ìwọ ì bá ṣe? Jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ.