Ọ̀gá tí kò mọ ara rẹ̀ ló ń lé oníbàárà: ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣòwò Sáńgò lè yá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀tà

Ní Ọ̀tà, ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ kò jìnnà síra wọn. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìdírókò kọjá láti Sáńgò yóò rí iléeṣẹ́ ńlá, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe píọ̀ wọ́tà, yóò sì tún rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò agbègbè náà gbà pé ohun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ògiri yunifásítì kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá ló nílò rẹ̀ jù: bí èèyàn ṣe ń mọ ara rẹ̀ kó tó máa darí ẹlòmíràn.

Yunifásítì Covenant, tó wà ní Canaanland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ẹ̀kọ́ méjì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ dandan, ì báà jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò owó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kà. Èkíní ni EDS, ẹ̀kọ́ nípa dídá iṣẹ́ sílẹ̀. Èkejì ni TMC, tó dá lórí kíkọ́ odindi ènìyàn: ìwà, ìrònú àti ìṣàkóso ara ẹni. Yunifásítì Bells, tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà kan náà, bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ iṣẹ́ di dandan fún gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC ń lò báyìí, ENT 211 àti ENT 312 ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́, tí wọ́n padà wá kàwé fún oyè kejì, ni ẹ̀kọ́ yìí máa ń wọ̀ lára jù. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, àwọn mìíràn sì ti di ọ̀gá. Bí wọ́n bá pín wọn sí ẹgbẹ́ láti ṣe iṣẹ́ àjọṣe, ẹni tó ṣe olórí yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àbí òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Níbi iṣẹ́, ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń san owó oṣù?

Ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ iṣẹ́ yóò sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, yóò mọ iṣẹ́ ọwọ́ náà dunjú, wọ́n á sì ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Ohun kan ló ṣẹ́ kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: ọmọ iṣẹ́ kì í lè tọ́ka sí àléébù ọ̀gá. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ń pariwo mọ́ oníbàárà, ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́ ìránṣọ, yóò sì kọ́ ariwo náà pẹ̀lú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lomé

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwà kò kan owó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lomé, olú-ìlú Togo, fi hàn pé ó kàn án. Wọ́n kó oníṣòwò kéékèèké 1,500 jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn 500 àkọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí gbogbo ayé mọ̀, bí ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà. Àwọn 500 kejì kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí: kí èèyàn máa dá nǹkan tuntun gbé ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni, kó máa ro ti ọjọ́ iwájú, kó má sì tètè jáwọ́ bí ìdènà bá dé. Àwọn 500 tó kù kò gba ẹ̀kọ́ kankan.

Wọ́n tọ́pa wọn fún bí ọdún méjì àti ààbọ̀. Èsì náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2017. Èrè àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣesí fi ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ lọ. Ti àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò lásán fi ìdá 11 ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn olùwádìí sì sọ pé ìyẹn kò pọ̀ tó láti fi dájú pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á. Èyí kò ní kí oníṣòwò ju ìwé ìṣirò nù o. Ohun tó ń sọ ni pé orí àti ìwà ẹni tó ń di ìwé náà mú ṣe pàtàkì bí ìwé náà gan-an.

Fèrèsé mẹ́rin

Lọ́dún 1955, àwọn onímọ̀ méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Joseph Luft àti Harrington Ingham, gbé àwòrán kan jáde tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olórí títí dòní. Wọ́n pa orúkọ wọn pọ̀, wọ́n sì pè é ní fèrèsé Johari. Ojú mẹ́rin ló ní. Àkọ́kọ́ ni ohun tí èèyàn mọ̀ nípa ara rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn náà mọ̀. Èkejì ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ nípa rẹ̀ tí òun kò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tó mọ̀ tó fi pamọ́. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí òun kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀.

Ojú kejì yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.

Ká ní ọkùnrin kan ń ṣe píọ̀ wọ́tà ní Sáńgò, ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ àti ọkọ̀ kan. Láàárín oṣù mẹ́ta, oníbàárà mẹ́fà kò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní díráífà ló ń jalè, ó lé e. Díráífà mìíràn dé, oníbàárà ṣì ń lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń pe àwọn ìyá ọlọ́jà lórí fóònù lálẹ́, tí yóò máa bú wọn nítorí gbèsè ₦2,000. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́, torí ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, wọ́n gé owó oṣù rẹ̀.

Kí a wá ṣírò rẹ̀. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ń ra 30 àpò lọ́sẹ̀, tí èrè orí àpò kan jẹ́ ₦50, oníbàárà mẹ́fà ti gbé èrè ₦9,000 lọ lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọdún kan, ó di ₦468,000. Ìbínú lórí ₦2,000 ti jẹ owó tó ju ìlọ́po igba rẹ̀ lọ, ó sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ díráífà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tí oníṣòwò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí

Èkíní, kí ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ ṣe ìpinnu ńlá, bíi gbígba òṣìṣẹ́, yíyá owó tàbí ríra jẹnẹrétọ̀, kí ó kọ ohun tó ń retí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ ọ́. Peter Drucker, àgbà onímọ̀ ìṣàkóso, gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn báyìí lọ́dún 1999, ó ní kí wọ́n padà wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan. Fún iṣẹ́ kékeré, oṣù mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà yóò fi ibi tó ti mọ̀ ọ́n ṣe hàn án, yóò sì fi ibi tó ti máa ń tan ara rẹ̀ hàn án.

Èkejì, kí ó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní bébà tí wọn kò ní kọ orúkọ sí, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: kí ni ọ̀gá ń ṣe tó ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́, kí sì ni ó ń ṣe tó ń dí i lọ́wọ́? Bí èsì bá dé, kò gbọdọ̀ wá ẹni tó kọ ọ́. Ọjọ́ tó bá wá a ni ẹnu gbogbo wọn yóò pa dé.

Ẹ̀kẹta, kí ó lọ bá oníbàárà méjì tó ti lọ. Kò gbọdọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà, kò sì gbọdọ̀ bá wọn jiyàn. Kí ó kàn béèrè ìdí, kí ó sì dúpẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó fa iṣẹ́ kan lé òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, kí ó sọ iye tí onítọ̀hún lè ná láìbéèrè, kí ó sì kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí gbogbo nǹkan bá dúró, a jẹ́ pé ọ̀gá ní òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì tọ́ olórí kankan.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iléeṣẹ́ tí yóò fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ojú àlejò máa ń rí ohun tí ojú onílé ti mọ́ lára. Kí ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lóòótọ́, kí ó sì gba ẹ̀dà ohun tó bá kọ.

Kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó gbà ni kí ọ̀gá fara mọ́ gbígbọ́ ohun tí kò dùn ún gbọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, òun náà ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tì pa.