Àtọ̀gbẹ Tí Í Mú Apá Jó

Orúkọ tí Yorùbá sọ àìsàn yìí ń sọ àmì rẹ̀ fún wa: à-tọ̀-gbẹ. Ẹni tí ó ní in a máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn àgbà tún kíyè sí i pé èèrà a máa bo ojú ibi tí ó bá tọ̀ sí. Orúkọ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó ń tàn wá jẹ díẹ̀, nítorí pé àmì kan wà tí kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ rékọjá ààlà láìsí ìtọ́jú, ó lè da ọpọlọ láàmú. Apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra wọn. Apá yóò máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ yóò máa ta bí ẹni pé ó fẹ́ gbá nǹkan. Aláìsàn kò lè dá a dúró. Bí ó bá sùn ni ó sábà máa ń rọlẹ̀. Chorea ni àwọn oníṣègùn ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ijó. Èmi ìbá pè é ní àfipájó, kí ó lè bá àtọ̀gbẹ ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn àgbàlagbà, pàápàá àwọn obìnrin, ni ó sábà ń ṣe. Òun sì lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí yóò fi hàn pé ẹnì kan ní àtọ̀gbẹ. Bí apá ìyá arúgbó bá ń fì báyìí, kí ni ará ilé yóò wí? Àwọn kan yóò ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn yóò ní rọpárọsẹ̀ ni. Mo dá àwọn ti ìkejì láre, nítorí rọpárọsẹ̀ náà lè fà á. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ, kí wọ́n sì tètè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ti tó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ya àwòrán inú orí, ojú kan nínú ọpọlọ sábà máa ń funfun ju bí ó ti yẹ lọ. Bí apá ọ̀tún ni ó ń jó, òsì ọpọlọ ni kí a wò. Àwọn onímọ̀ kò tí ì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí funfun náà jẹ́.

Ínsúlínì, tí Banting àti Best ṣe àwárí rẹ̀ ní Toronto ní 1921, ni a fi ń mú ṣúgà náà wálẹ̀, pẹ̀lú omi tí a ń fà sí ara. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, ijó náà a dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn díẹ̀ a tún lo oògùn tí ń rọ̀ ọ́ lójú. Àwòrán orí ni í pẹ́ jù, ó lè tó oṣù púpọ̀ kí funfun náà tó parẹ́.