Ara, Èémí àti Ọkàn: Ohun tí Ìyá Ilé Lè Kọ́ Lára Yógà

Ìlera ìdílé kò dúró lórí oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan. Bí ọwọ́ ìyá bá ń ṣe ohun kan, tí ọkàn rẹ̀ sì wà ní ibòmíràn, ewu lè wọ ilé láti ibẹ̀. Nítorí èyí ni a fi mú ẹ̀kọ́ kan wá fún àwọn ìyá àti gbogbo ará ilé ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni ẹ̀kọ́ náà ti wá, yógà sì ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti rí àwòrán rẹ̀ rò pé kí a ká ẹsẹ̀ sórí ọrùn ni yógà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí a so nǹkan pọ̀ ni orúkọ yìí ti jáde, bí ìgbà tí a bá fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ fa ohun ìtúlẹ̀. Ara, èémí àti ọkàn ni yógà ń fẹ́ so pọ̀. Nínú ìwé àtijọ́ tí a ń pè ní Yoga Sutra, èyí tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Patanjali, ìpele mẹ́jọ ni ó wà. Ìwà wa sí ọmọnìkejì ni ó ṣáájú, ìwà wa sí ara wa ni ó tẹ̀lé e. Ó di ìpele kẹta kí a tó mẹ́nu kan bí a ó ti fi ara jókòó, èémí sì ni ìpele kẹrin. Ní oṣù December ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù June sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Yógà fún gbogbo ayé.

A mọ̀ pé ìbéèrè kan yóò wà lọ́kàn àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tí ń lọ sí mọ́sálásí: ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àjèjì ni èyí? Òtítọ́ ni pé láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Búdà àti Jáínì ni yógà ti gbilẹ̀ ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n kò sí orin, àdúrà tàbí ère nínú ohun tí a ó kọ́ níhìn-ín. Èémí tí ó wà ní imú gbogbo wa ni a ó lò. Kí a tó gbọ́ orúkọ yógà rárá ni àwọn àgbà wa ti ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kí ó mí kanlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí ni orúkọ Ajégúnlẹ̀ túmọ̀ sí. Èbúté Àpápá, tí a kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àti ti Tin Can tí a ṣí ní ọdún 1977, fa èrò láti ilẹ̀ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùróbò àti Haúsá wá sí agbègbè yìí. Ìyá tí ń tajà ní ọjà Boundary ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti pọn omi, ó ti wẹ ọmọ, fèrè tírélà sì ti ń dún ní etí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ro kókò, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alájọ, etí rẹ̀ ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, tí kò sí àpò oògùn gbuuru nílé, lítà omi mímọ́ kan ni a ó fi pò ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ṣíbí má sì ga ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ìyá tí ó gbàgbé iye tí ó ti bù lè fi iyọ̀ tí ó pọ̀ jù dá kún àìsàn ọmọ. Kì í ṣe pé kò mọ ìwọ̀n, ọkàn rẹ̀ ni kò sí nídìí ife.

Bí a ó ti ṣe é nìyí. Ẹ jókòó sórí ẹní tàbí àpótí, kí ẹ̀yìn nà gbọọrọ, kí èjìká rọ̀. Ẹ pa ẹnu dé. Ẹ fi imú mí sínú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí ikùn yọ síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi ka ẹẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ti tó. Nígbà tí a bá ń mí síta pẹ́, ọkàn a máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́, ara a sì rọlẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dá a dúró. Kí aláboyún má ṣe sé èémí mọ́lẹ̀. Ẹ má sì ṣe é ní etí títì tí èéfín tírélà wà, tàbí nítòsí jẹnẹrétọ̀: kí ni èrè pé kí a mí kanlẹ̀, kí ó jẹ́ èéfín ni a ń fà?

Ó lè jẹ́ àárọ̀ ni ẹ ó lò ó, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì mí tán, ẹ bi ara yín pé: nínú iṣẹ́ òní, èwo ni kò gbọdọ̀ yẹ̀? Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ó lè jẹ́ gbèsè tí a ṣèlérí. Kí ẹ ti ìyẹn ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀lé e.

Ahimsa ni orúkọ ìwà tí ó wà níwájú gbogbo ìwà inú ìpele kìn-ín-ní: kí a má ṣe pa ẹ̀dá lára. Ó kan ọwọ́, ó kan ẹnu pẹ̀lú. Ìbínú tí a rù bọ̀ láti ọjà, orí ọmọ ni a sábà máa ń sọ ọ́ kà. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti to ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà èbúté láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ mí bí a ti wí lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé.

Ìtẹ́lọ́rùn náà wà lára ẹ̀kọ́ yógà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣì í lò. Gọ́tà tí ó dí, tí omi òjò ń gbà ibẹ̀ wọlé, kì í ṣe ohun tí a ń tẹ́ lọ́rùn fún. Ọkàn tí ó rọlẹ̀ ni yóò lè kó àwọn aládùúgbò jọ láti gbá a, láìsí ìjà.

Ohun kan kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara hàn. A lè ní in kí orí má fọ́ wa. Ẹ yẹ ìfúnpá yín wò ní ilé ìwòsàn. Bí òǹkà rẹ̀ bá tó 140 lórí 90 ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mímí kanlẹ̀ lè ran oògùn lọ́wọ́, kò lè gba ipò rẹ̀. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ara fúyẹ́. Aláboyún tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì, kí ó má jókòó ka èémí. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru.