ÌWÉ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́, IṢẸ́ NÍ ILÉ

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ fi òwe yìí gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́fà fi pọ̀ ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ, títí ìjọba náà fi dá oko sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960 kí wọn lè kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Èyí kọ́ wa pé ìwé nìkan kò tó. Ó yẹ kí ọwọ́ ọmọ mọ iṣẹ́ pẹ̀lú, ilé sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí òbí kan bá wí pé, "Èmi kò mọ̀wé, kí ni mo lè fi kọ́ ọmọ?" kí ó wo ìyá aláró. Kí ó tó fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yóò pín aṣọ sí ojú onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba: ìṣirò ni. Bí ó bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ aró: ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni. Bí ó bá ro owó ẹ̀lú àti owó aṣọ kí ó tó dá iye lé ọjà rẹ̀, ẹ̀kọ́ òwò ni. Kí ìyá má ṣe pa ẹnu mọ́ níbi iṣẹ́. Kí ó ṣàlàyé ìdí ohun gbogbo, kí ọmọ béèrè ọ̀rọ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó sì kọ ìnáwó sílẹ̀.

Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú, tí a bí ní ọdún 1951, kọ́ aṣọ híhun àti aró lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ. Iṣẹ́ àtilé yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, tí ó sì fi dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo àti Èkó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé èdè wa kò tó fi kọ́ ọmọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n a kò wí pé kí a mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ o. Òfin ọdún 2004 pa á láṣẹ fún òbí pé kí ọmọ rẹ̀ kàwé fún ọdún 9: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ní girama. Ọmọ tí a ní kí ó máa kiri ọjà ní wákàtí ìwé kò kọ́ iṣẹ́. Ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́. Wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀ Sátidé tó fún ẹ̀kọ́ ilé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀJỌSỌ

1. Iṣẹ́ wo ni a mọ̀ nílé wa tí ọmọ wa kò tíì mọ̀?
2. Ìṣirò wo ni ó wà nínú iṣẹ́ náà?
3. Ta ni yóò kọ́ ọmọ, ọjọ́ wo ni yóò sì bẹ̀rẹ̀?