Iná Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́: Bí A Ṣe Ń Darí Rẹ̀ Láìyíjú Padà

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lálẹ́ ń rí iná iwájú rẹ̀. Ó ń rí i lórí títì, ó sì ń rí i lára ọkọ̀ tó wà níwájú. Iná ẹ̀yìn ńkọ́? Kò rí i. Abẹ́ ìjókòó ni wọ́n so ó mọ́, àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì wà fún. Iná náà lè ti kú tipẹ́, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ má mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n yíjú padà, tàbí kí wọ́n na ọwọ́ kan sẹ́yìn, kí wọ́n máa wá bọ́tìnnì kiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ewu tó wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ń rin kìlómítà 18 ní wákàtí kan ń rin mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 wo ẹ̀yìn, ẹ ti rin mítà 10 láìwo iwájú. Kòtò lè wà láàárín mítà 10 yẹn. Ẹnìkan lè ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọwọ́ tó sì wà lẹ́yìn kò lè fa bíréèkì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ fi gbé ìdarí iná ẹ̀yìn wá síbi ọwọ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí àtàǹpàkò ti lè tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ nílùú ọba gan-an. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òfin ibẹ̀ sọ pé láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí di ìgbà tó bá yọ, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn, kí méjèèjì sì máa tàn. Láti ọdún 2005, wọ́n gbà kí iná kẹ̀kẹ́ máa ṣẹ́jú, bí kò bá ti dín ní ìgbà 60 tàbí kó ju ìgbà 240 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ará Jámánì kò gba ìyẹn ní tiwọn. Iná ẹ̀yìn tó ń ṣẹ́jú lòdì sí òfin lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà tó pẹ́ jù láti darí iná ẹ̀yìn láti iwájú ni dínámò. Àwọn àgbà tó gun kẹ̀kẹ́ Raleigh nílé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó rí bí ìgò kékeré, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ẹ bá tẹ orí rẹ̀ kó kan táyà, táyà á máa yí i, iná á sì tàn níwájú àti lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 1936, ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé dínámò tiwọn jáde, èyí tí wọ́n fi sínú àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Kò fi ara ha táyà rárá. Irú rẹ̀ ṣì wà lọ́jà lónìí, àwọn tó sì wọ́pọ̀ ń mú fóólùtì 6 àti wáàtì 3 wá.

Wáyà kan ló ń ti ara iná iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Bọ́tìnnì wà lára iná iwájú, nítòsí ọwọ́ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, méjèèjì á tàn. Láyé àtijọ́, wàhálà kan wà tó máa ń dun àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́: bí gílóòbù iwájú bá jó, gbogbo agbára iná á ya lọ sọ́dọ̀ gílóòbù kékeré tó wà lẹ́yìn, ìyẹn náà á sì jó. Òkùnkùn biribiri nìyẹn, níwájú àti lẹ́yìn. Iná òde òní kì í jó bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń tọ́jú agbára díẹ̀ pa mọ́, kí ti ẹ̀yìn lè máa tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan bí ẹ bá dúró níbi iná ojú títì. Wáyà ló kù tí ẹ ó máa ṣọ́. Ibi tó bá ti ń fi ara kan irin tàbí táyà ló ti máa ń bó.

Ọ̀nà kejì ni ti kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi gbé oúnjẹ kiri Lọ́ńdọ̀nù; ó rọrùn ju ìyẹn lọ. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti so iná rẹ̀ mọ́ bátìrì ńlá láti ilé iṣẹ́, bọ́tìnnì kan lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń tan méjèèjì.

Ọ̀nà kẹta kò ní wáyà. Iná ẹ̀yìn ní bátìrì tirẹ̀, bọ́tìnnì tàbí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ètò aláìlówáyà bíi Bluetooth tàbí ANT+. Ẹ ó kọ́kọ́ mú àwọn méjèèjì mọra wọn nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, àtàǹpàkò yín lè sọ pé kó tàn yòò, kó ṣẹ́jú, tàbí kó rọlẹ̀. Rírọlẹ̀ yìí wúlò bí ọ̀rẹ́ yín bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn yín, kí iná má baà gún un lójú. Kọ̀ǹpútà náà tún lè sọ bí bátìrì ṣe kù sí. Garmin ti ń ta èyí tó ní rédà láti ọdún 2015, Varia lorúkọ rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ RTL515 nínú wọn lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti nǹkan bí mítà 140, yóò sì fi í hàn yín lójú kọ̀ǹpútà.

Ohun èlò tó dára ni, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé òṣìṣẹ́ tó ń gba àárín ìlú kọjá nílò rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti há gádígádí, rédà kò ní sinmi ariwo. Owó rẹ̀ wọ́n, bátìrì méjì ni ẹ ó sì máa gba agbára sí. Ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà oko lọ ni mo rò pé ó yẹ. Fún ìlọ-bọ̀ ojoojúmọ́, dínámò àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fara mọ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ní, ẹ dán an wò kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ fi ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọ ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì (bó bá jẹ́ dínámò, ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà), kí ẹ sì wò ó bí ògiri bá pọ́n. Ẹ tún fi aṣọ nu awò pupa tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ padà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Òfin ìlú ọba béèrè òun náà lálẹ́, kò sì nílò bátìrì kankan.